Gìtá Orí Ẹsẹ̀ Irin

Obìnrin kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Ọwọ́-Òjò ni ó ń ta gìtá fún ẹgbẹ́ olórin kan, ní ọdún tí Ìyá Ẹgbẹ́, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, kéde pé òun fẹ́ fi orin kíkọ sílẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ni orí ìtàgé gbọ̀ngàn kan tí ó kọjú sí ibùdókọ̀ ojú irin, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé.

Gìtá méjì ni Ọwọ́-Òjò máa ń lò nínú orin kan ṣoṣo. Gìtá oníná a máa wà ní ọrùn rẹ̀. Gìtá onígi, èyí tí ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ohùn ẹni tí ó ń rẹ ọmọ lẹ́kún, a máa dúró níwájú rẹ̀ lórí ẹsẹ̀ irin kan tí ó ga dé àyà. Ẹsẹ̀ irin náà ní apá méjì tí a fi awọ bò, àwọn apá náà sì gbá ikùn gìtá mú ṣinṣin tí kò fi lè yẹ̀. Bí orin bá dé ibi tí ó gbọ́dọ̀ rọ̀, Ọwọ́-Òjò yóò ti gìtá oníná sí ìbàdí, yóò gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, yóò sì ta èyí tí ó dúró. Bí orin bá tún gbóná, yóò padà sẹ́yìn. Baba rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ irin jíjó, ni ó jó ẹsẹ̀ irin náà fún un ní ìwọ̀n gíga rẹ̀ gan-an, ní ọdún tí ó ṣáájú ikú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ náà sì ní àṣà kan. Nígbàkúùgbà tí a bá fi okùn tuntun sí gìtá orí ẹsẹ̀ irin, ìbáà ṣe okùn kan péré, Ìyá Ẹgbẹ́ yóò pe gbogbo wọn lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù yóò sì jáde wá ta okùn náà. Wọ́n a ní àwọn ń kí i káàbọ̀ sílé. Tíṣà, ẹni tí ó ń tẹ dùùrù, ni ó dá àṣà náà sílẹ̀ nígbà tí ó ń kọ́ Ọwọ́-Òjò ní gìtá ní kékeré. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣe é kẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni Tíṣà ra okùn tuntun, tí ó lágbára, tí ó sì ní kí wọ́n fi í sí i.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Aláriwo, onílù wọn, ti fi àwọn tí ó jókòó níwájú ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Ìdákẹ́, tí ó ń ta gìtá ohùn ìsàlẹ̀, tí a kì í gbọ́ ju ìkíni lọ ní ẹnu rẹ̀, dúró sí ibi òkùnkùn tí ó máa ń dúró sí. Orin dé ibi rírọ̀. Ọwọ́-Òjò gbé ẹsẹ̀ síwájú.

Bí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ti balẹ̀ sórí okùn, òtútù kan gba orí ìka kékeré rẹ̀ wọlé, bí ẹni pé ó ti ọwọ́ bọ omi kànga. Ó tẹ okùn. Ìka náà kò tẹ nǹkan kan. Ó wò ó, ó rí i lórí okùn níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, àfi bí ìka ẹlòmíràn tí a lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ohùn tí ó jáde dàbí ìgbà tí a kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀.

Ó sáré padà sí gìtá oníná, ó sì fi ìka yòókù parí orin. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́, nítorí wọn kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé ojú sókè, ó rí Ìdákẹ́ tí ó tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀, tí kò sì ṣẹ́jú.

* * *

Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní ìsàlẹ̀ ilé alájà kan tí wọ́n ti ń tún aago ṣe. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣí tán, kì í sì í tì tán. Aago bo ara ògiri rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, kò sì sí méjì tí ó sọ wákàtí kan náà. Aláago, ẹni tí ó ni ibẹ̀, a máa fi awò kékeré kan sí ojú ọ̀tún, kì í sì í yọ ọ́ bí ó bá ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Bí ó bá wo ènìyàn, ó ń wá ibi tí irin ti bàjẹ́ nínú rẹ̀ ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ẹnì kan jókòó níwájú rẹ̀, ó fi aṣọ òjò bo orí títí dé iwájú.

"Ṣé ibi tí mo ní kó o fi í sí lo fi í sí?" ni Aláago bi í.

"Abẹ́ awọ ni. Èèyàn ò lè rí i."

"Irun orí ẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Ara ìyarun ẹ̀ ni mo ti mú un."

Aláago mi orí. "Èyí tó ń gbé kọ́rùn ò wúlò fún irú iṣẹ́ yìí. Ìyẹn ń bá a rìn káàkiri ni. Ohun tó bá dúró sójú kan, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ló fi máa rìn lọ bá a, òun ló dáa. Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Òun fúnra ẹ̀ lá máa gbé e wá fún ẹ, ìka kan lẹ́yìn òmíì."

"Ṣé á máa dùn ún?"

"Àánú ẹ̀ wá ń ṣe ẹ́ báyìí? Ṣé kí n dá a padà ni?"

Aago kan lù lára ògiri, òmíràn sì dá a lóhùn. Ẹni tí ó wọ aṣọ òjò tún fa aṣọ náà wá síwájú orí.

"Rárá," ni ó wí.

"Ó dáa, gbọ́ èyí. Má fọwọ́ kàn án mọ́. Irin yẹn o, okùn yẹn o, gìtá yẹn o. Ọjọ́ tọ́wọ́ ẹ bá kàn án, gbogbo ohun tó o gbà ló máa padà sílé, kò sì ní dá lọ. Tí ẹni tó o gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ bá sì dárúkọ ẹ níwájú ẹ̀ pé ìwọ lo ṣe é, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ọ̀kan náà ni."

"Mo dúró kí wọ́n fi okùn tuntun sí i tán kí n tó gbé e síbẹ̀. Kò sóhun tó máa mú mi dédìí ẹ̀ mọ́ títí ọjọ́ ìdágbére Ìyá Ẹgbẹ́ á fi kọjá."

Nígbà tí ó jáde sínú òjò, ó dúró lábẹ́ òrùlé, ó sì na ọwọ́ òsì rẹ̀. Ìka kékeré rẹ̀, tí ó ti gan láti ọdún pípẹ́, rọra tẹ̀, ó sì tún rọra nà, bí ìka ọmọ tuntun.

* * *

Nígbà tí wọ́n tún pàdé ní yàrá ìdánrawò, ìka tí ó tẹ̀lé ìka kékeré ti lọ. Òtútù ibẹ̀ kò sì dúró nídìí gìtá onígi mọ́. Ó ti ń bá Ọwọ́-Òjò lọ sídìí èyí tí ó gbé kọ́ ọrùn.

"Ṣé ọ̀gbẹlẹ̀ ti dé ni?" Aláriwo bi í láti ẹ̀yìn ìlù. "Òjò ò rọ̀ dáadáa o."

"Fi mí sílẹ̀, ìwọ tó ń lu ìlù bí ẹni ń lé eku."

"Eku ò sí nínú yàrá yìí. Ìlù mi ti lé gbogbo wọn lọ."

Òótọ́ ni pé eku kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìlù ni ó lé wọn. Ọwọ́-Òjò ti kíyè sí i pé èèrà tí ó ń tò lọ lórí ilẹ̀ a máa yà bí ó bá dé ìtòsí ẹsẹ̀ irin, a sì gba ọ̀nà jínjìn yí i po kí ó tó máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ náà, ọmọńlé kan há sí àárín okùn gìtá. Ó ti gbẹ. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì nà síwájú bí ẹni tí ó ń bẹ̀bẹ̀.

"Ìdákẹ́, bá wa mú nǹkan yẹn kúrò," ni Tíṣà wí láti ìdí dùùrù, kò sì dìde.

Ìdákẹ́ fi bébà mú un, ó wo ọmọńlé náà, ó wo Ọwọ́-Òjò, ó sì jáde.

Nígbà tí wọ́n sinmi, Tíṣà pe Ọwọ́-Òjò sí igun yàrá. Ọkùnrin onírun funfun ni, tí ó máa ń wọ aṣọ tí a lọ̀ dáadáa. "Ọmọ mi, mú ọwọ́ ẹ wá."

Kò sí ẹlòmíràn tí Ọwọ́-Òjò lè sọ fún. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Tíṣà bu òróró sí i, ó sì ń fi àtàǹpàkò wọ́ àwọn ìka náà láti ìdí dé orí, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe fún un ní kékeré nígbà tí okùn bá ta á lọ́wọ́.

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni."

"Tíṣà, kì í ṣe àárẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Má wá sọ ọ́ létí Ìyá Ẹgbẹ́ o. Ó ń múra àtilọ, má kó ìdààmú bá a." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìdákẹ́ yẹn, máa ṣọ́ra fún un. Èèyàn tí kì í sọ̀rọ̀, ta ló mọ nǹkan tó ń rò?"

Ọwọ́-Òjò wo ẹnu ọ̀nà. Ìdákẹ́ ti dé, ó sì dúró níbẹ̀ láìwọlé.

* * *

Ife já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilé ìdáná, ó sì fọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á. Ìgbà tí ìyá rẹ̀ kígbe ni ó tó rí i pé àfọ́kù ti gé ìka àárín rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn, kò sì mọ̀ ọ́n lára.

Ìyá rẹ̀ kò bi í ní ìbéèrè. Ó wé aṣọ mọ́ ìka náà, ó mú gèlè, ó sì ní, "Dìde. Màmá tó to apá bàbá ẹ lọ́jọ́ọ̀sí ṣì wà láyé."

Yàrá Ìyá Ato-eegun mọ́ tónítóní. Pákó tí a fi ń di eegun tí ó ṣẹ́ wà lára ògiri ní ìwọ̀n oríṣiríṣi, láti ti ọmọ ọwọ́ títí dé ti àgbàlagbà. Arúgbó náà di ojú rẹ̀, ó sì ń fi ọwọ́ wo ìka Ọwọ́-Òjò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó dé orí èyí tí ó gé, ó dúró, ó sì gbé etí sí i bí ẹni tí ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti yàrá kejì.

"Eegun ẹ pé," ni ó wí. "Ẹran ara ẹ̀ dáa. Àwọn ìka yìí ò ṣàìsàn o, ọmọ mi. Wọn ò sí ńlé ni."

"Wọn ò sí ńlé, Màmá?"

"Ẹnì kan ń lò wọ́n níbòmíì." Ó la ojú. "Ibo lo ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n?"

"Lórí gìtá tó dúró."

"Ta ló ṣe ohun tó gbé e dúró?"

"Bàbá mi ni."

"Ìyẹn ló fi ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ká ní irin ẹlòmíì ni, á ti kó gbogbo ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Padà lọ, fọwọ́ ọ̀tún wá gbogbo ara ẹ̀. Tó o bá rí nǹkan, má yọ ọ́. Tó o bá yọ ọ́, ohun tó ti lọ, ó ti lọ nìyẹn."

Ìyá Ọwọ́-Òjò bú sẹ́kún. Arúgbó náà kò wò ó. "Lọ báyìí, kílẹ̀ tó ṣú. Kó má lọ dé orí àtàǹpàkò ẹ."

* * *

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí ó gun àtẹ̀gùn yàrá ìdánrawò. Kò sí ìdánrawò ní ọjọ́ náà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti dé orí àtẹ̀gùn, ó gbọ́ gìtá.

Kì í ṣe gìtá lásán. Ohùn tirẹ̀ ni. Wíríwírí tí ó fi gba orúkọ, bí òjò ti ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù, tí kò sí ẹlòmíràn tí ó lè ta á bẹ́ẹ̀, ni ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn náà. Ẹni tí ó ń ta á sì mọ̀ ọ́n ju òun alára lọ. Ó ń fi àwọn ohun kan sí i tí Ọwọ́-Òjò kò tíì ronú kàn rí.

Ó fi ọwọ́ kan ìdìmú ilẹ̀kùn. Wọ́n ti tì í láti inú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó sì yọjú ní ihò kọ́kọ́rọ́. Gbogbo ohun tí ihò náà jẹ́ kí ó rí ni ẹsẹ̀ irin baba rẹ̀ láàárín yàrá, pẹ̀lú gìtá lórí rẹ̀, nínú ìmọ́lẹ̀ pupa tí ó gba ojú fèrèsé wọlé. Kò sí ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀. Okùn rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ohùn náà dákẹ́ lójijì. Ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ojú rẹ̀ kò dé, ẹnì kan mí.

Ọwọ́-Òjò yí padà, ó sì sáré. Ní ìdajì àtẹ̀gùn, ó kọlu ènìyàn kan tí ó ń gòkè bọ̀. Ìdákẹ́ ni. Ìdákẹ́ di apá rẹ̀ mú, ó la ẹnu láti sọ nǹkan kan. Ọwọ́-Òjò já ara rẹ̀ gbà, ó bọ́ sí ìta, kò sì dúró títí ó fi dé àárín ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ibùdókọ̀.

Nínú yàrá náà, ẹnì kan jókòó sórí àga ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, gìtá àtijọ́ kan wà lórí itan rẹ̀, ó sì ń wo òjìji ẹsẹ̀ tí ó kúrò ní abẹ́ ilẹ̀kùn. Ìka òsì rẹ̀ ṣì ń jó lórí okùn láìdún. Láti ọdún mélòó wá ni kò ti lè tẹ okùn kan. Ó sunkún, nítorí pé ó dùn mọ́ ọn. Kò mọ̀ pé ní ẹ̀gbẹ́ kejì yàrá, láti orí òrùlé ilé kejì, ojú kan ti wà ní fèrèsé láti ìgbà tí ó ti jókòó, kí ẹni tí ó ni ojú náà tó sọ̀kalẹ̀ lọ gba àtẹ̀gùn.

Ní ọjọ́ kejì, Aláago kò jẹ́ kí ẹni tí ó ta gìtá náà jókòó. Gbogbo aago ara ògiri ti dúró.

"Ẹnì kan ń di ìka ẹ̀ mú, kò jẹ́ kó lọ tán," ni ó wí. "Ìka kan àti àtàǹpàkò ló kù. Jẹ́ kó ta á lẹ́ẹ̀kan sí i, lójú gbogbo èèyàn. Tó bá ti ta á tán, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ ẹ mọ́."

"Ọjọ́ ìdágbére ni. Orin tó kẹ́yìn, orí ìyẹn ló ti máa ta á."

"Nígbà náà, kò ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Má tún wá síbí mọ́."

* * *

Nígbà tí ẹgbẹ́ kó ẹrù dé gbọ̀ngàn fún ìdágbére, tí àwọn yòókù ń to àga, Ọwọ́-Òjò fi ọwọ́ ọ̀tún wá gbogbo ara ẹsẹ̀ irin náà. Lábẹ́ awọ apá òsì, ó kan nǹkan kan tí ó le, tí ó sì tutù: okùn gìtá àtijọ́ tí a lọ́, tí a fi irun wé. Irun orí rẹ̀ ni. Ó mọ̀ ọ́n, nítorí ìdajì rẹ̀ ni ó fi àwọ̀ pa. Ìyarun rẹ̀ kì í kúrò nínú àpò tí ó máa ń gbé kọ́ ara ògiri yàrá ìdánrawò, láàárín àwọn tí ó pè ní ará ilé.

Ó tẹ Ìyá Ato-eegun láago láti ẹ̀yìn ìtàgé, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Má yọ ọ́," ni arúgbó náà tún wí. "Ẹni tó fi í síbẹ̀ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Ọgbọ́n wo lo lè dá tí gbogbo wọn fi máa fọwọ́ kàn án?"

Ọwọ́-Òjò yọjú wo gìtá náà lórí ìtàgé. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ọgbọ́n kan wà, Màmá. Tí okùn ẹ̀ bá já, gbogbo wa la máa ń jáde wá ta tuntun."

"Tẹ́ni náà bá kọ̀ láti wá ńkọ́?" ni arúgbó náà bi í.

"Màmá, ẹ̀yin ni mò ń bi."

"Tó bá kọ̀, tí wọ́n sì dárúkọ ẹ̀ níbi tó ti kọ̀, lójú èrò, ìyẹn náà tó. Ṣùgbọ́n ìwọ lo gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ̀, pé òun ló ṣe é. Ṣé o lè dárúkọ ẹ̀, ẹnikẹ́ni yòówù kó jẹ́?"

"Mo lè dárúkọ ẹ̀," ni Ọwọ́-Òjò wí. Ìdákẹ́ ni ó wà lọ́kàn rẹ̀, nítorí ó gbà pé ẹni tí ó mí ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ó ń gòkè lọ bá.

* * *

Gbọ̀ngàn kún ju ti ìgbàkígbà lọ. Ìyá Ẹgbẹ́ wọ aṣọ àlà funfun, ohùn rẹ̀ sì ti há díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń bá a gbé e. Ọwọ́-Òjò fi ìka kan àti àtàǹpàkò ta ohun tí ó lè ta. Ní gbogbo ìgbà, ó ń gbọ́ bí gìtá orí ẹsẹ̀ irin ti ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ níwájú rẹ̀, láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lára rẹ̀, bí ọmọ tí ó ń pè é.

"Orin tó kẹ́yìn nìyí," ni Ìyá Ẹgbẹ́ wí. "Lẹ́yìn ẹ̀, ọmọ mi obìnrin yìí ni ẹ óò máa rí níbi tí mo dúró sí. Ọwọ́-Òjò, bọ́ síwájú, rọ̀jò fún wa."

Ọwọ́-Òjò bọ́ síwájú. Ó yọ ẹmú baba rẹ̀ láti inú àpò, ó fi í sí okùn tí ó tínrín jù, ó sì gé e.

Ariwo rẹ̀ gba inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn jáde bí igbe ènìyàn. Àwọn tí ó wà níwájú di etí. Iná orí ìtàgé ṣẹ́jú, ó sì tún tàn.

"Ẹ forí jì mí, Ìyá Ẹgbẹ́," ni ó wí. "Okùn ti já. Ẹ jẹ́ kí n fi tuntun sí i, ká sì kí i bí a ṣe ń kí i."

"Níbí, lójú àlejò?"

"Ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá Ẹgbẹ́ wò ó. Ó ti bá olórin gbé pẹ́, ó sì mọ ojú ẹni tí ẹ̀rù ń bà. "Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ fara balẹ̀. Ẹ máa rí bí a ṣe ń ṣe nínú ilé wa."

Ọwọ́-Òjò gbìyànjú láti fi okùn tuntun sí i, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò gbọ́. Okùn bọ́. Ó tún bọ́. Nígbà náà ni ọwọ́ kan na láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìdákẹ́ ni. Ó fi ọwọ́ òsì di ẹsẹ̀ irin mú, ó fi ọ̀tún gba okùn, ó kì í bọ ihò rẹ̀, ó sì ń yí i títí ó fi le. Ọwọ́-Òjò wo ọwọ́ rẹ̀ lórí irin náà. Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìdákẹ́ wo ojú rẹ̀, ó mi orí díẹ̀, ó sì padà sẹ́yìn.

Ọwọ́-Òjò wo àwọn yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí kì í bá ṣe Ìdákẹ́, ta ni?

"Aláriwo," ni Ìyá Ẹgbẹ́ pè.

Aláriwo jáde, ó tẹrí ba fún èrò. "Ẹ má pàtẹ́wọ́ jù, kó má lọ rò pé èmi ló ni òun." Ó ta okùn náà. Ó dún dáadáa. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ìdákẹ́."

Ìdákẹ́ ta á.

"Èmi náà rèé." Ìyá Ẹgbẹ́ ta á, ó sì fi ọwọ́ pa gìtá náà lórí. "Tíṣà."

Kò sí ẹni tí ó dìde.

"Tíṣà, ìwọ ló kù."

"Ẹ máa bá eré lọ," ni Tíṣà wí láti ìdí dùùrù. "Ẹsẹ̀ ń dùn mí."

"Ẹsẹ̀ kọ́ la ní kẹ́ ẹ fi ta á, Tíṣà," ni Aláriwo wí, gbogbo gbọ̀ngàn sì bú sẹ́rìn-ín.

Tíṣà rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ọwọ́-Òjò ń wò ó, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ó dìde, kí ó wá ta okùn kan péré, kí ó lè jẹ́ ẹlòmíràn, ẹnikẹ́ni ní ayé. Ó rántí òróró. Ó rántí àtàǹpàkò tí ó ń wọ́ ìka rẹ̀ láti ìdí dé orí, láti ìdí dé orí, bí ẹni tí ó ń fún nǹkan jáde.

"Tẹ́sẹ̀ bá ń dùn ẹ́, a ó gbé e wá bá ẹ," ni Ìyá Ẹgbẹ́ wí.

Ìdákẹ́ ti gbé e. Ó gbé ẹsẹ̀ irin, gìtá, àti gbogbo rẹ̀ sókè ní àyà, ó sì ń bọ̀ lọ́dọ̀ Tíṣà, ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń dún lórí pákó ìtàgé.

"Má gbé e wá," ni Tíṣà wí.

Ìdákẹ́ kò dúró.

"Mo ní o ò gbọdọ̀ gbé e súnmọ́ mi." Ó ti àga sẹ́yìn, àga ṣubú, òun náà sì fara ti ògiri. Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè láti dáàbò bo ara rẹ̀. Gbogbo gbọ̀ngàn rí i. Ọwọ́ tí ẹgbẹ́ mọ̀ sí ọwọ́ gígan láti ọdún pípẹ́, èyí tí ó mú un fi gìtá sílẹ̀ tí ó fi ń fi ọ̀tún nìkan tẹ dùùrù, ṣí sílẹ̀ nínú iná, ìka rẹ̀ ń tẹ̀, wọ́n sì ń nà, wọ́n ń ta okùn tí kò sí níbẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó tún rẹ́rìn-ín.

Ìdákẹ́ gbé ẹsẹ̀ irin kalẹ̀ ní iwájú Tíṣà. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Ìyá Ẹgbẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Mo rí i lójú fèrèsé," ni ó wí. "Ó jókòó sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń fi ọwọ́ ẹ ta gìtá. Mo fẹ́ sọ fún ẹ lórí àtẹ̀gùn. O sá fún mi." Ó nà án sí Ọwọ́-Òjò.

"Ọmọ mi," ni Tíṣà wí. Omijé wà lójú rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ìgbà tí ó kọ́kọ́ gbé gìtá lé e lórí itan. "Èmi ni mo fún ẹ. Ṣé mi ò lè yá a padà díẹ̀ ni? Ọmọ mi, má dárúkọ mi."

"Ta ni?" ni Ìyá Ẹgbẹ́ bi í, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ti mọ̀. "Ta ló ń ṣe ọwọ́ ẹ báyìí? Sọ ọ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́."

Ọwọ́-Òjò gbé ẹ̀rọ náà sí ẹnu. Níwájú rẹ̀, gìtá orí ẹsẹ̀ irin dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó ń dúró. Nínú ìka àárín rẹ̀, níbi tí àfọ́kù ife ti gé e, ìrora kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ́ wọlé, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ó ti ìrìn àjò dé tí ó ń wá ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ nínú òkùnkùn.

"Ẹni tó kọ́ mi ni," ni ó wí, ohùn rẹ̀ sì kún gbogbo gbọ̀ngàn. "Tíṣà ni."